Ẹni Tó Pe Àgò Nínú Gáréèjì

Ní Kétu tí wọ́n ti bí mi, ní apá ibi tí ìjọba Faransé ti ṣe àkóso, ẹnikẹ́ni kì í dédé kọjá lára ẹlòmíràn lójú ọ̀nà tóóró. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á ní, "Àgò o." Ẹni tó wà níwájú á ní, "Àgò yà," á sì kó ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí kò bá tíì dáhùn, ọ̀nà kò tíì jẹ́ tìrẹ. Bí ó bá ti dáhùn, ó ti yọ̀ǹda ọ̀nà fún ọ, ó sì ti di ẹlẹ́rìí rẹ. Bí ohunkóhun bá ṣe ọ́ níbẹ̀, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bi léèrè. Bàbá mi ló kọ́ mi ní èyí nígbà tí mo ṣì ń jókòó síwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. N kò kà á nínú ìwé. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jókòó ní ilé ìwé, èdè Faransé ni wọ́n sì fi ń nà wá níbẹ̀.

Mo fi èyí ṣáájú ọ̀rọ̀ mi kí ẹni tó bá ń kà á má baà rò pé nítorí kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan ni mo ṣe da odindi gáréèjì láàmú. Ẹ̀tọ́ ni mo ń wá.

*

Bí mo ṣe kọjá ẹnubodè kò ní ìtàn nínú. Ọdún tí ìjọba ṣí i padà lẹ́yìn tí wọ́n ti tì í pa ni mo wọlé, mo sì fìdí kalẹ̀ sí yàrá kan ní Ìkòtún, èmi àti kẹ̀kẹ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú. Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ni pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Mo ti rò pé ibi tí ènìyàn kò bá ti gbọ́ èdè ni à ń pè ní ilẹ̀ òkèèrè. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè gbọ́ èdè ìlú kan tán, láti orí òwe dé orí èébú, kí ó sì tún jẹ́ àjèjì nínú rẹ̀. Bí mo bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, wọn á wo ara wọn. Ohùn mi ń fà níbi tí tiwọn ti ń gé.

Wọ́n sọ mí ní Kòtónù. Mo ṣàlàyé pé Kétu ni mo ti wá, pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kòtónù láyé mi. Obìnrin tó ń gbé yàrá tó kángun sí tèmi gbọ́ àlàyé náà dé òpin, ó mi orí, ó ní, "O ṣé, Kòtónù."

Alhájì kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ló ni ilé búrẹ́dì ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mo lọ bá a pé mò ń wáṣẹ́.

"Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo mọ kẹ̀kẹ́ gùn, Alhájì."

"Ta ni ò mọ kẹ̀kẹ́ gùn?"

"Pẹ̀lú àádọ́ta búrẹ́dì lẹ́yìn, tí ìkankan kò ní tẹ̀."

Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wò mí. "Ẹ̀yin ará ibẹ̀ yẹn, ṣé orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti ń bí yín ni?"

"Ìyá mi ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé òun lọ bí mi."

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

*

Láti Ẹ̀gbẹ́dá, mo máa ń gba Ìdímù dé Ìkòtún. Ẹ̀yìn ọjà ni àwọn ìsọ̀ tí mò ń já búrẹ́dì fún wà, ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì dé ibẹ̀ gba àárín gáréèjì kékeré kan kọjá. Kí gáréèjì tó wà, ọ̀nà odò ni, ẹsẹ̀ ènìyàn ló là á. Nígbà tí mo dé, ọkọ̀ ti gbà á. Ọkọ̀ ń wọlé, ọkọ̀ ń jáde, ọkọ̀ ń fẹ̀yìn rìn. Àwọn alábárò ń ti ẹrù láàárín wọn. Àwọn obìnrin ń ru igbá kọjá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Àwa ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ń wá ihò tí a lè gbà. Kò sí ẹni tó mọ ibi tí tirẹ̀ pin sí. Ẹni tí irin rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ọ̀nà ń jẹ́ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo dé ẹ̀yìn àwọn ènìyàn kan, mo ní, "Àgò o." Mo fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, mo dúró de ìdáhùn. Kò sí ẹni tó wẹ̀yìn. Mo tún pè é. Ọkọ̀ kan fun fèrè mọ́ mi nídìí, awakọ̀ rẹ̀ sì yọ orí síta. Wàídì ni orúkọ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa lẹ́yìn náà.

Ó ní, "Kòtónù, ilẹ̀kùn ta lò ń kàn?"

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti yọ, ẹnì kan á ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un o."

N kò yé pè é. Mo lè fi agogo kẹ̀kẹ́ nìkan ṣe é, ṣùgbọ́n agogo kì í bèèrè, àṣẹ ló ń pa. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbọ́ ohùn kan níwájú mi, ohùn àgbà, tó ní, "Àgò yà, ọmọ mi. Gba ọwọ́ ọ̀tún."

Ìyá arúgbó kan ni, ó ru ìdì ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ìyá Ìdí-Ọ̀pẹ ni wọ́n ń pè é, nítorí ìdí ọ̀pẹ kan lẹ́bàá odò ni ilé rẹ̀ wà. Ọmọ ìdílé tó ni ilẹ̀ gáréèjì náà ni, ṣùgbọ́n kò rìn bí onílẹ̀. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ọ̀pá àti etí ló fi ń rìn. Láti ọjọ́ náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àárọ̀ tí a kì í pàdé. Èmi á pè, òun á dáhùn, èmi á kọjá. Kò bi mí rí pé níbo ni mo ti wá. Ó tó mi.

*

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni n kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ ní Ìkòtún, mẹ́jọ nínú wọn sì jẹ́ iye búrẹ́dì. Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń da kẹ̀kẹ́ bàbá mi délẹ̀, màá nu wáyà inú rìmù rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan, kì í ṣe nítorí pé ó dọ̀tí. Ó jẹ́ ohun kan ṣoṣo nínú yàrá náà tó ti mọ̀ mí kí n tó dàgbà.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo máa ń lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ìkẹjà. Oníṣòwò àgbàdo kan tó ń ná ọjà Kétu ló ń bá mi jíṣẹ́ fún ìyá mi pé ní ọjọ́ báyìí, ní agogo báyìí, kí ó wà ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo rí i bá sọ̀rọ̀, mo dúró nínú àpótí gíláàsì, mo gbé irin mọ́ etí, mo sì ń retí "Alóò." Ohun tó jáde ni ohùn ìyá mi, ó ké bí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé onílé: "Àgò o! Àgò onílé o!"

Àwọn tó tò sẹ́yìn mi gbọ́ ọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Mo fi ọwọ́ bo irin náà, mo ní, "Alóò, Ìyá, èmi ni."

Ó tún ní, "Àgò o."

Mo tún ní, "Alóò."

Lẹ́yìn náà ni a wá sọ̀rọ̀. Ó bèèrè ara mi, ó bèèrè oúnjẹ, ó wá ní, "Ṣé wọ́n ń yàgò fún ọ níbẹ̀?" Mo ní wọ́n ń yà á. Irọ́ ni mo pa.

*

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Òjò ti rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀nà sì ń yọ̀. Mo rí Ìyá Ìdí-Ọ̀pẹ níwájú, mo pe àgò.

Ó ní, "Àgò yà. Gba ọwọ́ òsì lónìí, omi wà lọ́tùn-ún."

Mo gba ọwọ́ òsì. Ọkọ̀ Wàídì dúró síbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Òfin gáréèjì ni pé bí ọkọ̀ yóò bá fẹ̀yìn rìn, kọ́ńdọ́ tó ń gba owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ó máa gbá ara ọkọ̀, kí ó sì máa ké sí ènìyàn. Ní àárọ̀ náà, kọ́ńdọ́ wà nídìí ẹ̀wà. Ọkọ̀ náà kàn sún sẹ́yìn lójijì. Mo fò sílẹ̀, mo di ìyá náà mú, àwa méjèèjì sì ṣubú sínú omi tó ní kí n sá fún. Kẹ̀kẹ́ bàbá mi kò lè fò. Mo gbọ́ bí rìmù rẹ̀ ṣe ká, mo sì rí búrẹ́dì tó ń léfòó.

Wàídì sọ̀ kalẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó wò wá. Àwọn obìnrin gbé ìyá náà lọ sílé, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti rọ́. Nígbà náà ni alága gáréèjì dé, ọkùnrin gíga kan tí kì í yára sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ta ló ní kí kẹ̀kẹ́ wọ ibí? Páàkì ọkọ̀ nìyí."

"Ọ̀nà ni mo gbà. Mo sì pe àgò."

"Ta ló gbọ́ ọ?"

Mo wo gbogbo wọn. Àwọn tó ti ń fi àgò mi ṣe ẹ̀rín láti ọjọ́ yìí wá, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Alága pàṣẹ kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ náà sẹ́yìn ilé ìtọ̀. Ó ní mo dí ọ̀nà ọkọ̀. Ó ní ọjọ́ tí mo bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Wàídì ni n ó rí i gbà.

*

Gbogbo ẹni tó fẹ́ràn mi, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n fún mi. Alhájì ní, "Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, 'ẹ má bínú.' Kí ló wúwo nínú ẹ̀?"

"Òun gan-an ló wúwo, Alhájì."

"Àlejò ni ẹ́, jàre. Sọ ọ́, gba kẹ̀kẹ́ ẹ, kó o máa lọ."

N kò sọ ọ́. Mo gbé páànù, mo to búrẹ́dì sínú rẹ̀, mo rù ú, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí ojú àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rí nínú gáréèjì yẹn. Ẹni tó ru ẹrù kò lè yí ọrùn. Ó kàn ń retí ohun tí yóò gbá a ni. Àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ẹgbẹ́ mi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ gé mi létí kọjá, ìkankan nínú wọn kò sì fọhùn. Kí n má parọ́, mo ti rò pé àwọn awakọ̀ nìkan ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo mọ̀ pé ẹjọ́ ọ̀nà náà ni.

N kò lè lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ìwé tí mo fi ń gbé ìlú kò tíì pé nígbà náà, mo sì mọ ìbéèrè tí wọn yóò kọ́kọ́ bi mí. Mo lọ bá àwọn àgbà ìdílé tó ni ilẹ̀. Ní ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ní olórí ẹbí ń sùn. Ní ìgbà kejì, wọ́n ní ó lọ síbi òkú. Ní ìgbà kẹta, wọ́n tún ní ó ń sùn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ní n ó dúró. Nígbà tí oòrùn kan orí mi, bàbá náà fúnra rẹ̀ jáde wá wò mí.

Ó ní, "Ṣé ìwọ ni Kòtónù?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá." Ọjọ́ náà kọ́ ló yẹ kí n jiyàn.

*

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n pè wá jọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà ní agbo ilé wọn. Mo ròyìn tèmi. Alága dìde.

"Bàbá, àlejò ni. Kò mọ bí a ṣe ń ṣe níbí."

Olórí ẹbí ní, "Ìwọ ńkọ́? Ìsẹ́yìn lo ti wá, àbí mo ṣì í?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Alága rẹ́rìn-ín díẹ̀ pẹ̀lú, ó jókòó. Wọ́n ní kí Wàídì sọ tirẹ̀.

"Bàbá, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ká ní ó pariwo ni, mi ò bá tẹ búrèkì."

Olórí ẹbí yíjú sí mi. "Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

"Ẹni tó dá mi lóhùn ni, bàbá."

Àwọn obìnrin mú Ìyá Ìdí-Ọ̀pẹ wá, aṣọ wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. N kò bẹ̀ ẹ́. Mo kàn ránṣẹ́ sí i pé ẹjọ́ wà, òun ló ní kí wọ́n mú òun wá.

Alága tún dìde, ó ní, "Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún màmá, wọn ò ríran. Kí ni wọ́n fẹ́ jẹ́rìí sí?"

Ìyá náà ní, "Òótọ́ lo sọ. Bó o ṣe dúró yẹn, òjìji lo jẹ́ lójú mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbọ́. Láti ìgbà tí gáréèjì yín ti wà ni mo ti ń gbà á kọjá láàárọ̀. Mo mọ ọkọ̀ yín ní ìkọ̀ọ̀kan bó ṣe ń húkọ́. Ti Wàídì ń mí bí ewúrẹ́ tó fẹ́ bímọ."

Wàídì ní, "Ẹ̀yin màmá yìí náà."

"Irọ́ ni mo pa? Nínú gbogbo yín, kò sẹ́ni tó ń sọ fún mi pé òun ń bọ̀, àfi ẹnì kan. Ó ní àgò, mo ní àgò yà. Èmi ni mo ní kó gba ọwọ́ òsì. Bẹ́ ẹ bá máa dá a lẹ́bi, èmi ni kẹ́ ẹ dá lẹ́bi, torí èmi ni mo fún un lọ́nà. Orí ilẹ̀ bàbá mi ni mo sì dúró sí tí mo fi fún un."

Olórí ẹbí wá ní, "Wàídì, ìwọ ńkọ́? Ta lo pè kó o tó fẹ̀yìn rìn? Ta ló dá ẹ lóhùn?"

Wàídì wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Kò sí, bàbá."

Wọ́n dá ẹjọ́ náà báyìí: Wàídì yóò tún kẹ̀kẹ́ mi ṣe, n kò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni. Wọn yóò pín ọ̀nà náà sí mẹ́ta: ẹ̀gbẹ́ gọ́tà fún ẹlẹ́sẹ̀, àárín fún kẹ̀kẹ́ àti bárò, apá kejì fún ọkọ̀. Ọkọ̀ tó bá fẹ̀yìn rìn láìsí ẹni tó ń ké lẹ́yìn rẹ̀, yóò wá ilẹ̀ mìíràn tí yóò máa dúró sí. Alága ní ọ̀nà náà kéré jù láti pín. Olórí ẹbí ní bó bá kéré jù, àwọn ọkọ̀ ni kí wọ́n dín.

*

Wàídì fúnra rẹ̀ ló ru kẹ̀kẹ́ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn alátùn-únṣe ní Dọ̀pẹ̀mú, ó sì gbé e padà wá pẹ̀lú rìmù tuntun. Ní Sátidé ìmọ́tótó tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ rìn, gbogbo wa kó àwọn táyà ògbólógbòó jọ, a rì wọ́n dé ìdajì, a sì fi ẹfun kùn wọ́n láti fi pààlà. Èmi àti Wàídì ni wọ́n pín sí apá kan náà.

Ó gbẹ́lẹ̀ títí, ó ní, "Ìwọ Kòtónù yìí, agídí ni ẹ́."

"Kétu."

"Kí ni?"

"Kétu ni mo ti wá."

"Kétu tó wà lọ́nà Ìkòròdú?"

"Rárá. Èyí tó ṣáájú ìyẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti táyà kan sínú ihò, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò wojú mi.

"Mo gbọ́ ẹ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ àgò ẹ. Ojoojúmọ́ lo kúkú ń pè é, mi ò kà á sí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Má bínú."

Ó ti purọ́ níwájú àwọn àgbà, mo sì lè padà lọ sọ ọ́ fún wọn. Mo di ọkọ́ mú. Ibi tí ọkàn mi lọ yà mí lẹ́nu. Inú àpótí gíláàsì ní Ìkẹjà ló lọ, níbi tí ẹnì kan ti pe àgò lẹ́ẹ̀mejì, tí mo gbọ́ ọ yéké, tí n kò sì dá a lóhùn nítorí ẹ̀rín àwọn tí n kò mọ̀ rí.

Mo ní, "Mo gbọ́." Mo na ẹfun sí i.

Ọ̀nà náà kò tíì dára tán. Àwọn kan ṣì ń pàtẹ ata sí ojú ọ̀nà kẹ̀kẹ́, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ kan kò sì gbà pé òfin náà kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìdí-Ọ̀pẹ ń fi ọ̀pá rẹ̀ kan táyà ní ìkọ̀ọ̀kan lọ ní ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, kì í sì í dúró mọ́ láti tẹ́tí. Ní àárọ̀ kan, mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi láti inú ọkọ̀ tó ń mí bí ewúrẹ́. Ó ní, "Àgò o, jàre." Bárò kan ti ya sí ojú ọ̀nà rẹ̀, ó sì fẹ́ gba ìhà tèmi kọjá. Mo dá a lóhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo lọ sí Ìkẹjà. Ènìyàn pọ̀ lórí ìlà, ó tó mẹ́wàá tó wà lẹ́yìn mi nígbà tí wọ́n pè mí. Mo gbé irin náà mọ́ etí. Ó ń hó, ó ń hó, ó wá já geere.

"Àgò o! Àgò onílé o!"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mo ṣílẹ̀kùn gíláàsì náà sílẹ̀ gbayawu, mo sì fi gbogbo ohùn mi dáhùn.

"Àgò yà, Ìyá. Ẹ máa wọlé."